Omi Ẹni Tó Ń Bọ̀

Àpótí náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Kí ló tún ń fẹ́?" Bọ̀ọ̀dá Látúnjí béèrè láti iwájú, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ṣé èyí tó mu láàárọ̀ ò tíì tó o ni?"

Ìbídùn ń fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ kẹ̀kẹ́, táyà fífẹ̀ rẹ̀ ń rì, ó ń yọ, àpótí tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń han bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Èèhù obì ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe àpótí yìí mọ ìwà wa. Èèyàn lè rí igi tó ń gbẹ kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ ta ló máa gbọ́ igbe ìkókó tí kò ní dúró? Ni wọ́n bá fi ohùn ìkókó sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ inú rẹ̀ bá gbẹ, á ké. Bó bá mumi, á rẹ́rìn-ín kèékèé. Wọ́n ní ọgbọ́n ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pè é lọ́gbọ́n.

Wọ́n dé ibi tí títì ọlọ́dà àtijọ́ ti yọrí nínú yanrìn. Òkú ọkọ̀ akẹ́rù kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé eegun. Bọ̀ọ̀dá Látúnjí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yọ ètè ṣe bí ẹni tó fẹ́ tutọ́, ṣùgbọ́n kò tu nǹkan kan. Ìbídùn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ọkọ̀ tó jẹ epo rí gbọ́dọ̀ bú u bẹ́ẹ̀, nítorí irú wọn ló mú kí ilẹ̀ yìí gbẹ, òun náà ló fà á tí òfin fi sọ pé ẹsẹ̀ ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ nìkan ló lè tẹ aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n itọ́ gan-an, omi ni. Kò sí ẹni tó ń fi ṣòfò.

"Ẹ̀yin baba ọ̀bùn," ni Bọ̀ọ̀dá sọ fún ọkọ̀ náà. "Jẹ́ ká pàgọ́ síbí, Ìbídùn. Oòrùn ti kan àtàrí."

Àbúrò ìyá Ìbídùn ni Látúnjí. Ó ti pẹ́ tó ti ń mú èèyàn la aṣálẹ̀ kọjá sí Ìgbẹ̀tì, ìlú tó dá dúró lórí àpáta láàárín yanrìn bí àgbà tí wọ́n gbàgbé sí àgbàlá. Àmì ọ̀nà tí wọ́n fín sí i lápá ti ń parẹ́ nítorí ọjọ́ orí. Ó sì ti sọ fún gbogbo ará ilé pé ìrìn àjò yìí lòun máa fi lé Ìbídùn lọ́wọ́, kóun lọ jókòó.

Wọ́n ta àgọ́ ìrì náà, aṣọ tó máa ń fa ìrì láti inú afẹ́fẹ́ ní ìdájí tó sì ń sọ ọ́ di omi mímu. Lọ́sàn-án, òjìji nìkan ló wúlò fún. Bọ̀ọ̀dá tú gàrí gbígbẹ àti kúlíkúlí, ó wá ní, "Na ọwọ́ rẹ kí n rí i."

Ìbídùn na ọwọ́. Ẹ̀gbà òǹgbẹ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, tó ń yí àwọ̀ bí omi ara bá ṣe ń dín kù, ti pọ́n bí ìyeyè.

"O ò mumi láàárọ̀."

"Mo mu, Bọ̀ọ̀dá."

"Ẹ̀gbà kì í purọ́. Mumi."

Ó gbé ìgò sẹ́nu, ó rọra tọ́ ọ wò. Omi náà kọ̀, kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Láti ìdájí ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe nídìí ìkòkò omi ní ibùdó tí wọ́n ti sùn ni kò jẹ́ kó lè mu ún.

Bọ̀ọ̀dá Látúnjí ló kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ náà.

"Wo ẹ̀yìn!" Ó fò dìde, gàrí dà nù lára rẹ̀. "Ìbídùn, wo orí òkè yẹn! Dígí ni!"

Lóòótọ́ ni. Lórí òkè yanrìn ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdó tí wọ́n sùn mọ́jú, nǹkan kan ń kọ yẹ̀rì, ó ń kú, ó ń kọ. Kò sí kẹ̀kẹ́ aṣálẹ̀ kan tí kò ní dígí lọ́wọ́, kí àwọn tó wà lọ́nà lè máa fi oòrùn kí ara wọn.

"Ṣebí ẹ ní àwa la kẹ́yìn?" ni Ìbídùn béèrè. "Ẹ ní ọyẹ́ ti dé, pé wọ́n ti fẹ́ ti odi Ìgbẹ̀tì, pé kò sẹ́ni tó tún máa tọ ọ̀nà yìí mọ́ lọ́dún yìí?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé èmi ni Ọlọ́run ni?" Bọ̀ọ̀dá ti yọ dígí tirẹ̀ lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń ka ìmọ́lẹ̀ náà, ẹnu rẹ̀ ń mì. "Ó ní òun nìkan ni... Ó ní ara ń ro òun... Omi òun ti ń tán." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ń béèrè àsíá. Láti ibi tó wà kò lè rí i, àfi tó bá yí òkè yẹn po. Ìbídùn, ṣé àsíá wà lókè?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. Ní gbogbo ibùdó tó wà lójú ọ̀nà náà, ìkòkò ńlá kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, òpó àsíá sì wà nídìí rẹ̀. Bí o bá débẹ̀, mu nínú omi rẹ̀. Bí o bá fẹ́ lọ, dá iye tó o mu padà, kó o gbé àsíá pupa sókè láti fi hàn pé omi wà. Omi ẹni tó ń bọ̀ nìyẹn. Ara ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí: Ẹni bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Òfin kan ṣoṣo tí àwọn ará aṣálẹ̀ kò nílò aṣọ́nà láti pa mọ́ ni.

Ìgò omi kan kọ́ ni Ìbídùn sì mú nínú ìkòkò yẹn ní ìdájí. Gbogbo rẹ̀ ló mú.

Àpótí ló fà á. Ó ti ń sunkún láti ìgbà tí àkùkọ ì bá kọ ká ní àkùkọ wà níbẹ̀, ó ń ké, ó ń sín, ó ń ké. Ìbídùn ní òun á fún un ní díẹ̀ nínú omi ìkòkò, tí àgọ́ bá fa ìrì tán òun á dá a padà. Ó bu díẹ̀. Àpótí dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún. Ó tún bù. Ìgbà tó fi máa mọ̀, igbá ti ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọyẹ́ sì ti lá gbogbo ìrì òru náà, àgọ́ ò fa nǹkan kan tó tó ìwọ̀n ẹkún àánú. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo òfìfo. Bọ̀ọ̀dá tó ń di ẹrù lọ́wọ́ sì pariwo láti òkèèrè pé, "Ṣé o ti gbé àsíá?" Ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára fa okùn. Àsíá gòkè. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú, àwọn ló kẹ́yìn.

"Ìbídùn! Mo ní ṣé àsíá wà lókè?"

"Ó wà lókè, Bọ̀ọ̀dá," ni Ìbídùn wí.

Òótọ́ ni. Àsíá wà lókè. Kò sí irọ́ kan nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ló sì mú kó burú ju irọ́ lọ.

Bọ̀ọ̀dá Látúnjí rẹ́rìn-ín, ó yí dígí sí oòrùn, ó sì rán ìmọ́lẹ̀ gígùn kan lọ sórí òkè: ó wà lókè. Ìmọ́lẹ̀ gígùn kan padà wá: ẹ ṣeun. Lẹ́yìn náà, orí òkè ṣófo. Ẹni náà ti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Inú onítọ̀hún á dùn lónìí." Bọ̀ọ̀dá jókòó, ó ń ṣa gàrí rẹ̀ lórí ẹní. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí, nǹkan tó dùn mọ́ mi jù ni kí n rí àsíá, kí n da ìyókù omi ìgò mi sí ọwọ́, kí n fi bọ́jú. Gbogbo rẹ̀ o! Kí n bọ́ eruku gbogbo ọjọ́ náà kúrò. Èèyàn ò gbọdọ̀ gbé ojú dídọ̀tí lọ bá oore ẹni tí kò mọ̀ rí."

"Bí èèyàn bá ní òun ò bọ́jú ńkọ́?" Ohùn Ìbídùn kéré. "Bó bá fi omi ìgò rẹ̀ pamọ́, nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀?"

"Há! Ẹni tó rí àsíá tó tún ń ṣọ́ ìgò ti pe ẹni iwájú rẹ̀ ní òpùrọ́ nìyẹn. Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọlúwàbí ò ní ṣe é." Ó wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀. "Wò ó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ. Mo ti rí àwọn ọkùnrin tó jù ọ́ lọ tí aṣálẹ̀ yí ìwà wọn padà. Ìyá rẹ tọ́ ọ dáadáa."

Ìyìn yẹn ló fọ́ ọ. Ká ní ó bú u ni, bóyá ì bá lè gbé e mì. Ó fi orí kanlẹ̀ lórí ẹní.

"Kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò, Bọ̀ọ̀dá. Òfìfo ni. Èmi ni mo bù ú tán. Àpótí ló ń sunkún."

Bọ̀ọ̀dá Látúnjí ò yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń wá ọ̀nà wọlé.

"Àsíá ńkọ́?"

"Mo gbé e sókè."

"O gbé àsíá sókè lórí òfìfo."

"Ẹ jọ̀ọ́..."

Ó ti gbá dígí mú, ó ń rán ìmọ́lẹ̀ ewu: kúkúrú, kúkúrú, kúkúrú. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ta káàkiri yanrìn bí ẹja inú àwọ̀n. Kò sí èsì. Ó dáwọ́ dúró.

"Ó ti wọ àfonífojì. Kò rí wa mọ́." Ó yíjú sí i. "Mo bi ọ́. Níbí yìí, lójú mi, mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ó wà lókè."

"Ó ṣáà wà lókè lóòótọ́..." Kò tíì parí rẹ̀ tí ojú fi tì í, ìtìjú tó gbóná ju oòrùn lọ. Bọ̀ọ̀dá ò bú u. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó bá àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni mo fi rán an sí ikú," ló wí níkẹyìn. "Èmi ni mo sọ fún un pé kó bọ́jú."

Omi wo ló kù? Ìgò Ìbídùn kò tó ìdajì. Ti Bọ̀ọ̀dá kéré sí i. Táǹkì tó wà lábẹ́ àpótí, tó ń fún ilẹ̀ inú rẹ̀ lómi díẹ̀díẹ̀, nìkan ló kún, pẹ̀lú omi tó jẹ́ ti ìkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo àpótí náà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìgbẹ̀tì ń retí àwọn èèhù yìí," Ìbídùn sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó mọ̀ pé ìlú náà ò rí obì mọ́, pé òkúta funfun ni wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ báyìí, wọ́n á fi kan ètè ọmọ, wọ́n á kó o padà sínú àwo. "Bí wọ́n bá gbẹ sí mi lọ́wọ́, wọ́n á pa àmì mi rẹ́ kí wọ́n tó fín in."

"Wọ́n á pa tèmi náà rẹ́ pẹ̀lú. Ṣí i."

Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ẹnu táǹkì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú kẹ́ẹ̀gì. Àpótí kọ́kọ́ dákẹ́, bí ẹni tí kò gbàgbọ́. Lẹ́yìn náà ló figbe ta. Igbe tí Ìbídùn ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ni, igbe ọmọ tí wọ́n ń pa. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ti ẹnu táǹkì náà.

"Fa gbogbo rẹ̀," Bọ̀ọ̀dá sọ, ó jókòó ti àpótí, ó fi ọwọ́ lé e lórí. "Ẹ̀rọ ló ń sunkún yẹn. Ẹni tó wà nídìí ìkòkò ò ní lè sunkún tó bá yá. Máa lọ. Èmi á wà níbí pẹ̀lú rẹ̀."

Ó lọ. Igbe náà tẹ̀ lé e títí atẹ́gùn fi gbà á.

Láìsí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́, ó ń fò lórí yanrìn tó ti fà á mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Oòrùn ń fa awọ iwájú orí rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, itan rẹ̀ ń jó. Èrò kan wá yọ́ wọ inú rẹ̀: bí mo bá ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀, bí mo bá tètè da omi yìí sínú ìkòkò, kò ní mọ nǹkan kan. Á ṣí i, á rí omi, á ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Bọ̀ọ̀dá nìkan ló máa mọ̀, Bọ̀ọ̀dá ò sì ní sọ. Ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá sí i. Ìgbà yẹn ló rí ara rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe àánú ló ń lé e sáré. Ó fẹ́ bọ́ nínú ìtìjú ni. Ó sunkún, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń fi omi ojú ṣòfò.

Kò bá a lójú ọ̀nà. Nígbà tó gun òkè kékeré ìkẹyìn, ó rí àsíá pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó rí kẹ̀kẹ́ tó dùbúlẹ̀, ó sì rí obìnrin kan tó fẹ̀yìn ti òpó àsíá, tó na ẹsẹ̀ sọ́nà. Ìdérí ìkòkò wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àgbà obìnrin ni, ó ju ìyá Ìbídùn lọ. Eruku ti sọ aṣọ rẹ̀ àti irun rẹ̀ di àwọ̀ kan náà, eruku bo ọrùn rẹ̀, ó bo ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló mọ́ tónítóní, ó ń dán. Ẹ̀gbà òǹgbẹ rẹ̀ pupa fòò.

"Mà! Mà!" Ìbídùn wó lulẹ̀ sórí eékún. Ó bu omi sínú ìdérí ìgò, ó kàn án mọ́ ètè rẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀, Mà. Ẹ rọra."

Obìnrin náà mu. Ó wúkọ́, ó tún mu. Ó pẹ́ kó tó lajú, nígbà tó sì là á, ọpẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

"Ẹ kú omi o. Ẹ kú ìyọ́nú." Ohùn rẹ̀ há bí yanrìn inú igbá. "Ṣé ẹ̀yin lẹ dá mi lóhùn pẹ̀lú dígí?"

"Bọ̀ọ̀dá mi ni, Mà."

"Ẹ bá mi sọ fún un kó má jẹ́ kó dùn ún. Olè ti wá jí omi rẹ̀ gbé lẹ́yìn tó lọ tán. Mo wo inú ìkòkò, àánú ẹni tó gbé àsíá ló kọ́kọ́ ṣe mí. Mo ní, áà, bí onítọ̀hún bá gbọ́, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́." Ó gba omi sí i. "Olè kì í jẹ́ kí ọmọlúwàbí gbádùn."

Olè. Ẹ ò rí i bí ọ̀nà àbáyọ ṣe máa ń ṣí nígbà tí kò yẹ kéèyàn gbà á. Ìbídùn kàn ní láti mi orí ni. Kódà kò ní láti sọ̀rọ̀. Ó wo ojú mímọ́ yẹn, ó wo ilẹ̀ níwájú obìnrin náà, níbi tí omi bíbọ́jú ti dá ihò kéékèèké sínú yanrìn tó sì ti gbẹ.

"Kò sí olè kankan, Mà," ló wí. "Èmi ni. Mo bu omi tán, mo sì gbé àsíá. Wọ́n bi mí, mo ní ó wà lókè."

Atẹ́gùn ń fa aṣọ àsíá lókè orí wọn. Obìnrin náà ò gba omi tó kàn.

"Kí lo fi í ṣe?"

"Mo fi rin èèhù obì. Àpótí wọn ló ń sunkún bí ìkókó. Mi ò lè gbà á mọ́ra."

"Ìkókó." Obìnrin náà tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Ọmọ mi bímọ ní Ìgbẹ̀tì. Ọmọ àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó máa bá a wẹ̀ ẹ́, ni mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ orí mi yìí. Èyí tó ń sunkún lóòótọ́ ni mò ń lọ bá." Ó gba ìdérí lọ́wọ́ Ìbídùn, ó mu ún fúnra rẹ̀. "Fẹ́yíṣetán lorúkọ mi. Ó yẹ kó o mọ orúkọ ẹni tó o fẹ́ẹ̀ pa."

Ìbídùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, iwájú orí rẹ̀ wọ yanrìn. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí." Ìyá Fẹ́yíṣetán ò ní òun dárí jì í, kò sì ní òun ò dárí jì í. Ó ń mumi. Ó mu títí ẹ̀gbà rẹ̀ fi kúrò ní pupa, ó di ìyeyè, ó wá ti kẹ́ẹ̀gì náà sí ọ̀dọ̀ Ìbídùn.

"Mú ìgò kan tó máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ bọ̀ọ̀dá rẹ. Da ìyókù sínú ìkòkò."

"Ẹ ò tíì mu tó, Mà."

"Àwọn méjì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mo rí dígí wọn láàárọ̀. Àbí o rò pé àwa la kẹ́yìn?"

Ìbídùn bu ìgò kan kún. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ẹnu ìkòkò, ó sì dúró.

Ó ń dúró kí obìnrin náà kẹ̀yìn sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní aṣálẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ da omi sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á kẹ̀yìn sí i, nítorí oore bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Ọkọ ń kẹ̀yìn sí ìyàwó. Àwọn aṣọ́nà pàápàá, bí wọ́n bá ń mú apànìyàn lọ sílé ẹjọ́, tó bá kan apànìyàn náà láti da omi, wọ́n á tú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì kẹ̀yìn sí i. Láti ọjọ́ tí Ìbídùn ti ń gun kẹ̀kẹ́, kò tíì sí ojú kan tó wò ó nídìí ìkòkò.

Ìyá Fẹ́yíṣetán ò kẹ̀yìn. Ó fẹ̀yìn ti òpó, ó gbé ojú mímọ́ rẹ̀ sókè, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ Ìbídùn.

"Dà á, ọmọ mi," ló wí, kò sì sí ìbínú kankan lóhùn rẹ̀. "Mò ń wò ọ́."